Ààwẹ̀ Inú Ìgò

Bí ẹ bá dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ní Mashood lẹ ń wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Dókítà Omi, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní oríta á na ọwọ́ sí ilé rẹ̀ láì gbójú sókè. Kì í ṣe dókítà o. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, lọ́jọ́ tó bá a níbi tó ti ń fi ṣíbí ha inú dúrọ́ọ̀mù omi, tó ń kó nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára dúrọ́ọ̀mù náà sínú ìgò, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó rí owó he. Yẹ̀yẹ́ yẹn pẹ́ títí ó fi di orúkọ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkùnrin náà ti ń kàwé kó lè di dókítà lóòótọ́, irú dókítà tí kì í wo aláìsàn, orúkọ náà ò sì pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, agboolé wọn ò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ní kẹ́mísírì nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ní fèrèsé; ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ jẹ. Lọ́sàn-án, á gba láàbù lọ. Bọ́lánlé, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ní òun á dúró títí ìwé á fi parí. Ó dúró ọdún mẹ́rin. Ìwé ò parí, Bọ́lánlé sì fẹ́ olùkọ́ kan ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n sọ àkọ́bí wọn lórúkọ, Mashood lọ síbẹ̀, ó jókòó, ó jẹun, ó ṣàdúà fún ọmọ. Bó bá ṣe èmi ni, n ò ní lọ. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn, ìbínú kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi jọ.

Kí wá ló ń wá nínú omi? Ewé omi yẹn, tó kéré débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè wọ inú ṣíbí kan, oòrùn ló ń jẹ. Bó ti ń jẹ oòrùn ló ń tú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí sínú jáde. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ebi ohun kan ṣoṣo pa á, ìyẹn imí ọjọ́, tí kì í ju bíńtín lọ nínú oúnjẹ rẹ̀, tó sì dé e mọ́ inú ìgò níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè wọlé, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Á mu ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú ìgò tán. Nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì mìíràn jáde kó lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Gáàsì yẹn ni háídírójìn. Ó ń jó bí gáàsì ìdáná, ó lè gbé ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ ò sì ju omi lásán lọ. Mashood gbà pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ní Under G láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á máa lo èémí ewé omi dípò bẹntiróòlù. Lọ́dún kìn-ín-ní, gbogbo ènìyàn ló bá a gbà á. Lọ́dún kẹsàn-án, ó ku òun àti bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò sì mọ ohun tó ń gbà gbọ́.

N ò ní ka gbogbo ohun tó dí i lọ́wọ́, a ò ní kúrò níbẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa wọn gáàsì bàjẹ́, ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó rí ẹni tún un ṣe. Ní oṣù kejì ọdún yìí ni lẹ́tà dé láti ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọdún tí òfin gbà fún un ti pé, wọn ò ní fi ọjọ́ kan lé e mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún ni kó wá dúró níwájú àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n, kó fi hàn pé ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun ṣe iṣẹ́ náà, tí èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bára mu. Bí kò bá rí i ṣe, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà méjì ló ti ṣe é tó yọrí. Ẹ̀kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ̀kan tó kù yìí ni tírańsífọ́mà tó ń fún láàbù níná ń dúró dè kó tó jó. Ó jó lóòótọ́, lójú mọmọ, pẹ̀lú ariwo. Ewé omi ò sì lè ṣe nǹkan kan láìsí ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣẹ́jú.

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abigail Akínpẹ̀lú, obìnrin Onítẹ̀bọmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Prof. Òun náà fẹ́ fẹ̀yìntì lọ́dún yìí. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nu ún.

“Mashood, gbé e lọ síbi tí iná bá wà. Mi ò bìkítà ibi tó jẹ́. Kódà kó jẹ́ ilé bàbá ẹ.”

Ilé bàbá rẹ̀ náà ló sì gbé e lọ. Ààfáà Jàmíù, bàbá Mashood, ní ilé-kéwú níwájú ilé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́, ọmọ kéwú rẹ̀ kan tó ti rí ṣe ní Jẹ́dà sì ti gbé sólà sí orí òrùlé ibẹ̀ fún sàárà. Iná ibẹ̀ kì í lọ.

Ohun tó ni Mashood lára jù ni omi. Omi kànga tàbí ti bọọhóòlù ní imí ọjọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, èyí tó tó láti ba ebi jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ omi di mímọ́ nínú láàbù ti kú, nítorí náà omi bátìrì, omi mímọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, ló ń rà lọ́wọ́ Ọlọ́runṣògo tó ń cháàjì bátìrì mọ́tò ní Takie. Ó fi omi yìí fọ ewé omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi po oúnjẹ tí kò ní imí ọjọ́ fún un, ó pín in sínú ìgò mẹ́fà, ó kó wọn sínú kúlà, ó sì wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ ní gáréèjì. Ó gbé kúlà lé itan. Ìyá kan tó jókòó tì í yọjú wò ó.

“Àgbo nìyẹn? Kí ló ń wò?”

“Kò tíì wo nǹkan kan, ìyá.”

“Ẹ máa ṣe é lọ. Ọlọ́run á fi ìwòsàn sí i.”

Nígbà tó to àwọn ìgò náà sí iwájú iná nínú yàrá ẹ̀yìn ilé-kéwú, bàbá rẹ̀ wọlé wá wò wọ́n. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Ààfáà Jàmíù, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì máa ń dúdú nígbà gbogbo nítorí tàdáà tó fi ń kọ wàláà. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni àwọn ará àdúgbò ti ń wá gba hàǹtú lọ́wọ́ rẹ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sórí wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, wọ́n á sì gbé omi náà lọ fún aláìsàn, fún aboyún, fún ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Mashood wà ní kékeré, òun náà mu ún. Nígbà tó kàwé, ó mọ̀ pé èédú àti omi kànga ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ létí bàbá rẹ̀ rí.

“Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, Àkànní,” ni Ààfáà wí, ó sì jókòó sórí ẹní. “Sọ ọ́ bí ìgbà tí o ń bá ọmọ kéwú sọ̀rọ̀.”

Inú Mashood dùn. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan nínú ilé wọn máa béèrè. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa tètè yé àgbàlagbà náà.

“Bàbá, ẹ wò ó bí ààwẹ̀. Ẹ̀mí ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n má jẹ ohun kan báyìí. Bí wọ́n bá fara dà á fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, ohun tí mò ń wá á jáde lára wọn.”

“Ààwẹ̀!” Ojú Ààfáà là. “Áà, ó yé mi wàyí. Ó yé mi. Ọba Allāhu tóbi. Ààwẹ̀ ní èrè lóòótọ́.”

Ó jókòó tì wọ́n fún bíi wákàtí kan, ó ń wò wọ́n bí ẹni wo àlejò. Mashood sọ lọ́kàn rẹ̀ pé òun ti rí ọ̀nà tó dára láti ṣàlàyé iṣẹ́ òun, kódà ó rò ó pé òun á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ò rí nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú ló fi ìdérí rọ́bà dé àwọn ìgò, ó yọ́ àbẹ́là sí etí wọn yí ká. Ó so rọ́bà tín-ín-rín láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí inú ìgò gígùn tó kún fún omi tó dojú dé, kí gáàsì tó bá jáde lè máa ti omi sílẹ̀, kó sì rí bó ti pọ̀ tó. Ọjọ́ Ajé, kò sí nǹkan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, ó rí i tí ìfófòó kan ré kúrò ní ìsàlẹ̀ rọ́bà, tó gòkè, tó sì fọ́ lókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹkún, ṣùgbọ́n omi lé sí i lójú. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń mí, gáàsì náà sì ń jáde gẹ́gẹ́ bó ti jáde nígbà méjì àkọ́kọ́. Bó bá lè máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí i, a jẹ́ pé ó ti bọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni Màmá Prof pè é. Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n lè gba orúkọ ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sílẹ̀, Mashood fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti tọwọ́ bọ̀wé. Kí ni kó ṣe? Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

“Bàbá, mo fẹ́ sáré dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni màá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Àwọn ọmọ kéwú yẹn.”

“Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Èmi ni màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.”

Ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Kò sí ọmọ kéwú kan tó kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí Mashood padà dé ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, kò sí ìfófòó kankan. Omi inú àwọn ìgò gígùn ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó fi í sí lọ́jọ́bọ̀. Ó fọwọ́ gbá ìgò, ó yẹ àbẹ́là wò, ó dì pa. Ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ó rí i pé ewé omi tó ti ń pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ gbẹ tún ti di tútù yọ̀yọ̀. Ara wọn ti yá. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mashood rò pé ó ń rẹ́rìn-ín nítorí kò mọ ohun tó ń wò.

Ó kó ìgò méjì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá Prof gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

“Ó ti jẹun.”

“Màmá, kò sí ohun tí mo fún un.”

“Mashood, mi ò ní ìwọ lo fún un. Mo ní ó ti jẹun. Ewé omi ò lè di tútù báyìí láìrí imí ọjọ́. Omi wo lo fi fọ̀ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dé Takie. Ásíìdì bátìrì, imí ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń cháàjì bátìrì tí kì í ta omi àti ásíìdì pọ̀. Ọlọ́runṣògo wà ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi sáńdípépà ha orí bátìrì kan. Mashood tí kì í bínú, ọjọ́ yẹn ló bínú.

“Àrọ kan náà lo fi ń rọ méjèèjì! Ọdún mẹ́sàn-án, Ọlọ́runṣògo! Àrọ kan náà!”

“Dókítà, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú kọ́sítọ́mà. Àrọ mi méjì ni. Ẹ wò wọ́n, pupa àti funfun.”

“Irọ́ ni!”

Àwọn ènìyàn ti pé jọ, ọlọ́kadà ti paná. Ọlọ́runṣògo bu omi bátìrì rẹ̀ sínú ife, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i, ó sì mu ún tán. Ó dojú ife dé ilẹ̀. Mashood wò ó, ó yí padà, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti Takie dé Under G. Ìtìjú bá a. Síbẹ̀, nínú ọkàn rẹ̀, ó ṣì gbà pé omi yẹn ni. Tí kì í bá ṣe omi, a jẹ́ pé òun ni kò fọ̀ ọ́ mọ́. Bó ti wù kó jẹ́, ìgbà ò sí láti tún un ṣe.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ó dúró níwájú àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ ti ìgbà kìíní, ó sọ ti ìgbà kejì. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kò yọrí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìdí, ó ní òun fura sí omi. Òmíràn ní ìfura kì í ṣe èsì. Òótọ́ lọkùnrin náà sọ, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n ní kó bọ́ síta. Nígbà tí Màmá Prof jáde, ó dì í lọ́wọ́ mú.

“Mo bá wọn jà,” ni obìnrin náà wí. “Mashood, mo bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ.”

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ fún ẹnikẹ́ni ní Under G, nítorí náà ó wọ mọ́tò l'ọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gba ilé lọ. Láti gáréèjì Ọ̀wọ́dé títí dé agboolé wọn ló ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Ó fẹ́ ní kó dárí ji òun.

Bàbá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bó ti wọlé ló fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìgò mẹ́rin tó kù wà níwájú iná, wọ́n tutù yọ̀yọ̀ débi pé èèyàn ò lè rí ìka ọwọ́ ẹni láti òdì kejì.

“Wò wọ́n! Àkànní, wo àwọn ọmọ ẹ! N ò fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nígbà yẹn, mo ní kí ó dé ibi tó fẹ́ dé ná.” Ààfáà jókòó, ó gbá orúnkún. “Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí mo kírun tán, mo wọlé wá kí wọn. Wọ́n ti pọ́n. Ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ wọn nìyẹn, láìṣínu. Ọmọ mi, kò sí ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló ní kó jẹun. Mo ní ọmọ mi ti gbàgbé, ìrònú ti pọ̀ fún un. Mo kọ Yàsíínì sórí wàláà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi omi kànga wa fọ̀ ọ́, mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bísímílà, mo fún wọn ní ṣíbí mẹ́ta mẹ́ta. Mo sì yọ́ àbẹ́là padà bí o ti ṣe é. O ò mọ̀, àbí?”

“N ò mọ̀, Bàbá.”

“Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n jí. Mo sunkún. Ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe hàǹtú, n ò rí i lójú ara mi báyìí rí pé ó ṣiṣẹ́.”

Mashood wo ìgò, ó wo bàbá rẹ̀. Ọlọ́runṣògo tó gbé ife mu níwájú gbogbo Takie ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ni Bọ́lánlé. Bí adìẹ bá dani lóògùn nù, a ní ká fọ́ ọ lẹ́yin. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni kọ́ ni adìẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò láti Ọ̀wọ́dé ti tú ká.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ló rí sọ.

“Kí ni wọ́n wá wí l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa fi oyè náà lé ọ lórí?”

“Wọ́n ní... kí n ṣì ní sùúrù ná. Ó dára. Kò sí ìṣòro.”

Ààfáà wò ó bó ti máa ń wo ọmọ kéwú tó fo ẹsẹ̀ kan nínú ohun tó ń kà.

“Mashood.” Kò pè é ní Àkànní. “Láti kékeré ni o ò ti mọ irọ́ pa. Ṣé kò yẹ kí wọ́n jẹun ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká...”

“Dá mi lóhùn.”

Mo ti rò ó títí, n ò mọ ohun tí èmi ì bá sọ. Bóyá ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ ọ́n.

“Kò yẹ kí wọ́n jẹun, Bàbá. Nígbà tí wọ́n pọ́n yẹn ni ohun tí mò ń wá ń jáde. Bí ẹ ṣe ṣí i, ó parí.”

“Kò ṣeé tún ṣe?”

“Wọ́n ti yọ orúkọ mi.”

Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú níta, tí wọ́n ń ka tiwọn lọ geere. Mashood wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ló pè é ní ààwẹ̀, kì í ṣe ààwẹ̀, ebi lásán ni, òun ló ṣì í sọ. Ó ń sọ̀rọ̀ sáré bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Kò jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ Àìkú, Raliat tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì wá, ó pọn ọmọ tó ń wúkọ́. Ó mú ike kékeré tó máa ń mú wá dání. Mashood ń gbọ́ wọn láti inú yàrá.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ààfáà. Hàǹtú díẹ̀ ni mo wá gbà o.”

“Gbé e lọ sọ́sibítù, Raliat.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “A ti ibẹ̀ dé, sà. Oògùn wà nínú báàgì. Mo kàn fẹ́ fi tiyín kún un ni, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

“Wá Ààfáà mìíràn lọ.”

“Há! Ààfáà mìíràn kẹ̀? Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan.”

Mashood ti dìde, ó ti di ìlẹ̀kùn mú. Ó fẹ́ jáde lọ wí pé kí bàbá òun kọ ọ́, kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́, òun tí kò gba hàǹtú gbọ́ mọ́ láti ogún ọdún. Ní àkókò yẹn, ì bá fi ọdún mẹ́sàn-án mìíràn san án kí àgbàlagbà náà lè gbé kálàmù kọ wàláà. Ṣùgbọ́n kí ló máa sọ pé ó wà nínú omi náà?

“Raliat, má bínú sí mi,” ni bàbá rẹ̀ wí níta. “N ò mọ ohun tí mò ń fún èèyàn mọ́.”